Ọjọ́ tí háídírójìn mi na ọwọ́ dé Mars

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ka físíìsì ló bẹ̀ mí níṣẹ́ o. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe spreadsheet kan tó jẹ́ pé tí mo bá ti kọ gígùn kan sí i báyìí, á sọ iye tó jẹ́ fún mi ní femtometre, ní bohr, ní rédíọ́ọ̀sì ayé àti ní astronomical unit." Mo ní kí lo fẹ́ fi ṣe, ó ní òun kàn fẹ́ rí proton, ègé bíńtín tó wà ní àárín átọ́ọ̀mù, àti oòrùn lójú ìwé kan náà ni. Mo ní ṣé ìyẹn náà niṣẹ́, wákàtí kan péré. Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà mí.

Ohun tí mo kọ́kọ́ pinnu ni pé mi ò ní máa ti orí femtometre fò bọ́ sórí astronomical unit tààrà. Yúníìtì mẹ́rin ni, tí ìkọ̀ọ̀kan bá ní láti dé ọ̀dọ̀ gbogbo àwọn tó kù fúnra ẹ̀, ọ̀nà méjìlá nìyẹn, ibi tí mo ti lè ṣìṣe náà di méjìlá. Mo wá ní kí gbogbo wọn máa gba ọ̀dọ̀ mítà kọjá, èyí tó bá wọlé kó kọ́kọ́ di mítà ná, láti ibẹ̀ kó wá di ohun tó bá wù ú. Nọ́ńbà mẹ́rin péré ni mo nílò nígbà yẹn.

Femtometre kan jẹ́ 10^-15 mítà. Bohr kan, ìyẹn bí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú átọ́ọ̀mù háídírójìn ṣe sábà máa ń jìnnà sí àárín, jẹ́ 5.29177 × 10^-11 mítà. Rédíọ́ọ̀sì ayé, mo lo 6,378.1 kìlómítà. Astronomical unit ní tiẹ̀, ìyẹn bí ayé ṣe sábà máa ń jìnnà sí oòrùn, jẹ́ 149,597,870,700 mítà géérégé, kò lé kò dín, torí pé ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ lágbàáyé, IAU, ló jókòó ní Beijing lọ́dún 2012 tí wọ́n ní iye tó máa jẹ́ nìyẹn.

(Ọ̀rọ̀ "femto" yẹn pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo wádìí ẹ̀. Inú èdè Denmark àti Norway ló ti wá, "femten", ẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìtumọ̀ ẹ̀, torí òdo 15 yẹn. Àwọn onímọ̀ átọ́ọ̀mù míì ṣì ń pè é ní fermi, wọ́n fi sọrí Enrico Fermi tó jẹ́ onímọ̀ físíìsì, ẹ wá wò ó, fm náà ni wọ́n ń kọ fún un, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.)

Ti ayé yẹn nìkan ló fẹ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ayé ò rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ó wú díẹ̀ ní ìbàdí. 6,378.1 yẹn, ti ìbàdí ni, tí ẹ bá gba ti òkè tàbí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ó máa jẹ́ 6,356.8. Ẹni tó bá wá ń kọ rédíọ́ọ̀sì ayé ní femtometre tó ń kọ gbogbo díjíìtì 22 sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ara ẹ̀ ló ń tàn. Mo kọ 6.3781 × 10^21 fm, mo dákẹ́. Proton náà ò yàtọ̀, títí di ọdún 2010, bíi 0.877 fm ni wọ́n gbà pé rédíọ́ọ̀sì ẹ̀ jẹ́, ìgbà tí wọ́n wá fi muon, ègé kan tó jọ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù àmọ́ tó wúwo jù ú lọ, wọ̀n ọ́n lọ́dún yẹn ni wọ́n rí 0.842, èyí tí mo lò báyìí ni 0.8414.

Ìdánwò àkọ́kọ́, mo fi ọwọ́ ṣe é sórí ìwé kí n lè fi yẹ spreadsheet wò: proton kan jẹ́ mélòó nínú astronomical unit? Mo pín 0.8414 × 10^-15 sí 1.496 × 10^11. Ti iwájú rọrùn, 0.5624. Nọ́ńbà orí 10 ni mo ti ṣubú, tí èèyàn bá ń pín ńṣe ló máa ń yọ ọ́, -15 yọ 11 jẹ́ -26, èmi lọ ro wọ́n pọ̀, mo gbé -4 jáde. Mo tún fẹ́ máa bá iṣẹ́ lọ o! Ohun tó gbà mí ni pé mo ní kí n yí ìdáhùn yẹn padà sí kìlómítà kí n fi ojú rí i, ó jẹ́ 8,414. Proton tó ga ju ayé lọ. Mo paárẹ́, mo kọ 0.5624 × 10^-26, ìyẹn 5.624 × 10^-27.

Èyí tó wá gba ọjọ́ lọ́wọ́ mi nìyí. Àbúrò mi ti kó gígùn bíi mélòó kan ránṣẹ́ láti inú ìwé ẹ̀ kí n fi dán an wò, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni bí átọ́ọ̀mù háídírójìn méjì tó so mọ́ra ṣe jìnnà síra, ó kọ ọ́ báyìí: 1.40 a.u. Èmi náà rí a.u., mo mú astronomical unit, mo tẹ̀ ẹ́ sí i. Spreadsheet ní mílíọ̀nù 209 kìlómítà. Ìgbà tí Mars bá sún mọ́ oòrùn jù lọ, ibi tó máa ń wà nìyẹn o, bíi 1.38 astronomical unit. Átọ́ọ̀mù kan wà nínú oòrùn, èkejì ẹ̀ jókòó sí Mars, wọ́n sì di ara wọn lọ́wọ́ mú!

Mo yẹ fọ́múlà wò láti òkè délẹ̀, kò sí nǹkan tó ṣe é. Mo tún un kọ, Mars náà ni. Alẹ́ ni mo tó pè é, mo ní ìwé wo gan-an lo ń kà tí háídírójìn ẹ̀ ń rìnrìn àjò. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, atomic unit nìyẹn, kì í ṣe ti ìràwọ̀." Àṣé lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ átọ́ọ̀mù, a.u. ti gígùn, bohr yẹn gan-an ni! Mo ti ní in nínú spreadsheet látàárọ̀, orúkọ míì ni mo kàn fún un. 1.40 bohr jẹ́ 74 picometre (picometre kan jẹ́ 10^-12 mítà), ó sì bá ohun tó wà nínú ìwé ẹ̀ mu rẹ́gí. Mo pín astronomical unit kan sí bohr kan kí n lè mọ bí àṣìṣe mi ṣe tó, ó jẹ́ 2.827 × 10^21. Àmì tóótòòtó méjì péré ló fa gbogbo ìyẹn. Mo pa a.u. rẹ́ níbi gbogbo, mo kọ "bohr" tán pátápátá fún ọ̀kan, "au" láìsí àmì kankan fún èkejì, mo sì ṣe é kí spreadsheet má gba nọ́ńbà tí kò bá ní yúníìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀lé e.

Ọjọ́ kejì ni mo wá gbé e sínú Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ kóòdù kọ̀ǹpútà, kó lè rọrùn fún un. Mo kàn fẹ́ tọ́ kọ̀ǹpútà yẹn wò, mo tẹ 149597870700 + 1e-15 == 149597870700 (1e-15 ni 10^-15), ó ní True, ìyẹn pé òótọ́ ni, wọ́n dọ́gba. Lójú ẹ̀, mi ò fi nǹkan kan kún un. Nọ́ńbà tó bá ní pọ́íǹtì, bíi díjíìtì 15 sí 17 ló máa ń rántí, tí nọ́ńbà ọ̀hún bá ti wá tóbi tó jíjìn oòrùn ní mítà, ohun tó bá kéré sí bíi 0.015 mìlímítà ti wọlẹ̀ nìyẹn. Mo ti ń múra láti tún gbogbo kóòdù kọ kí n tó rántí pé a ò kúkú fẹ́ ro proton mọ́ oòrùn, a kàn ń pa yúníìtì dà ni, ìsọdipúpọ̀ àti pípín kì í jẹ díjíìtì mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀ yẹn. Mo fi í sílẹ̀.

Mo fi ránṣẹ́. Kò tó wákàtí kan tó fi pè padà, ó ní kí n bá òun fi ọdún ìmọ́lẹ̀ sí i, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn jìnnà tó lọ́dún kan, 9.46 × 10^15 mítà. Mo ní òun fúnra ẹ̀ náà kó tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́ ní petametre, 9.46 Pm, P ńlá. Ìdáhùn tó jáde ni 0.179 bohr, ọdún ìmọ́lẹ̀ odidi kan ti wọnú átọ́ọ̀mù háídírójìn, àyè ṣì tún kù! Èmi ni mo fà á. Mo ti kọ ìlà kan tó ń sọ gbogbo lẹ́tà di kékeré, mo rò pé mo ń ran ẹni tó máa tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni, Pm bá di pm, picometre. Mo yọ ìlà yẹn kúrò, ó tún un tẹ̀, ó di 1.788 × 10^26.