Bí a ṣe ń ka wákàtí iṣẹ́ ẹni kí a tó jiyàn lé e lórí

Ní Iléṣà níbi, kò sí ọ̀rọ̀ tó ń tètè dá àríyànjiyàn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi bí ọ̀rọ̀ iye wákàtí tó yẹ kí ènìyàn fi ṣiṣẹ́ lóòjọ́. Àwọn àgbà a ní ọmọ òṣómàáló kì í wo aago, nítorí pé àwọn baba wa tó ń ta aṣọ láwìn kiri ilẹ̀ Yorùbá a máa lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó yóò fi jáde. Àwọn ọ̀dọ́ a sì fèsì pé owó tí wọ́n ń san fún àwọn kò tó èyí tí ènìyàn ń torí rẹ̀ kú. Èmi tí mo ti ń fi aṣọ rírán jẹun láti ọjọ́ tí mo ti gba fríídọ̀mù, mo ti wà níhà méjèèjì rí, mo sì kíyè sí i pé ìhà méjèèjì ni kò mọ iye wákàtí tí wọ́n ń jà lé lórí. Ìdí nìyí tí mo fi kọ àlàyé yìí fún oníṣẹ́ ọwọ́ àti fún ẹni tó ń gba owó oṣù, kí ẹni tó bá fẹ́ dín wákàtí rẹ̀ kù lè mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tí kò sì fẹ́ dín in kù lè mọ ohun tó ń ná.

Ẹ ra ìwé kékeré kan tó lè wọ àpò, kí ẹ sì fi òwú so bírò mọ́ ọn, nítorí pé bírò ló kọ́kọ́ máa ń sọnù. Fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, nígbàkúùgbà tí ẹ bá ti fi ohun kan sílẹ̀ bọ́ sí òmíràn, ẹ wo aago kí ẹ sì kọ ọ́ síbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró di alẹ́ kí ẹ tó máa rántí, nítorí pé ohun tí a bá fi alẹ́ rántí a máa pọ́n wa lé ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ má sì tún ìṣe yín ṣe nínú ọ̀sẹ̀ náà nítorí pé ẹ ń kọ ọ́ sílẹ̀; bí ó bá jẹ́ pé ìdajì wákàtí ni ẹ fi ń wo fóònù lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ wò ó, kí ẹ sì kọ ọ́.

Ojú ewé kan nìyí nínú ìwé tèmi, ti Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan. Mo ṣí ṣọ́ọ̀bù ní aago 7:30 àárọ̀, mo sì tì í ní aago 9:30 alẹ́, èyí tó jẹ́ wákàtí 14. Nínú rẹ̀, wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 30 ni mo fi gé aṣọ tí mo sì fi rán an. Wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 30 lọ sórí wíwọn àwọn oníbàárà àti gbígbọ́ irú ọrùn tí wọ́n fẹ́. Wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 15 ni a fi jókòó retí iná. Oúnjẹ àti àdúrà gba ìṣẹ́jú 50, fóònù gba 40. Èyí tó kù, wákàtí 1 àti ìṣẹ́jú 15, ni mo fi tú ohun tí mo ti fi oorun rán ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú.

Wákàtí 14 ní ọjọ́ 6 jẹ́ 84. Ní ọdún 2019, nígbà tí Jack Ma, olówó ilẹ̀ Ṣáínà, gbóríyìn fún iṣẹ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ ní aago 9 àárọ̀ tó ń parí ní aago 9 alẹ́ ní ọjọ́ 6 lọ́sẹ̀, ariwo ta, nígbà tó sì di ọdún 2021, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní ilẹ̀ náà sọ pé irú ètò bẹ́ẹ̀ lòdì sí òfin. Wákàtí 72 péré ni ìyẹn. Èmi ti ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ṣọ́ọ̀bù ara mi, láìsí ọ̀gá kankan tó fipá mú mi, mo sì ń fi yangàn.

Èyí tí mo fi ń tú aṣọ yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá nínú ìwé tiyín, torí pé iṣẹ́ ọwọ́ gbogbo ló ní irú rẹ̀: akọ̀wé a máa tún ìṣirò ṣe, oníbúrẹ́dì a máa da èyí tó jóná nù. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé kan, John Pencavel, yẹ àkọsílẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní wò, ó sì rí i pé bí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan bá ti kọjá nǹkan bí wákàtí 49, ohun tí wákàtí kọ̀ọ̀kan ń mú jáde a bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù, débi pé ẹni tó ṣe wákàtí 70 kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe ju ẹni tó ṣe 56 lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ní oṣù Kejìlá ọdún kan, lẹ́yìn aago 1 òru, mo ń gé léèsì ìyá ìyàwó kan. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà, mo gé apá kan, mo tún tẹ́ apá náà lé orí èyí tó kù láti fi wọn èkejì, ṣùgbọ́n mi ò dojú rẹ̀ dé. Ìgbà tí mo fẹ́ so wọ́n mọ́ ara aṣọ ni mo tó rí i pé apá ọ̀tún méjì ló wà lọ́wọ́ mi, èyí tó sì ṣẹ́ kù nínú léèsì náà kò lè bo àtẹ́lẹwọ́. Gbági ní Ìbàdàn ni ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá mi, mo ń fi ègé léèsì wé orí àtẹ kiri. Owó tí mo fi ra òmíràn àti owó ọkọ̀ jẹ èrè òru mẹ́rin tí mi ò fi sùn.

Ti ara ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé àbájáde ìwádìí kan jáde ní ọdún 2021, wọ́n ní ewu àrùn rọpárọsẹ̀ fi ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i fún ẹni tó ń ṣe wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ, ewu kí àrùn ọkàn pa á sì fi ìdá 17 pọ̀ sí i. Ẹ kọ 55 yẹn sí ẹ̀yìn ìwé yín. Láti ọdún 1919 ni àdéhùn àkọ́kọ́ tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe ti fi wákàtí 8 lóòjọ́ àti 48 lọ́sẹ̀ ṣe òdiwọ̀n fún àwọn iléeṣẹ́, ṣùgbọ́n fún oníṣẹ́ ọwọ́ tó ń bẹ̀rẹ̀ láti 84, 55 ni kí ó kọ́kọ́ lépa.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ náà, ẹ jókòó ti ìwé yín ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí ẹ sì wá ohun tó ń bí òru. Nínú ìwé tèmi, iná ni mo rò pé n ó dá lẹ́bi. Iná jẹ̀bi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò ṣòro: mo gbé ògbólógbòó máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ tí ọ̀gá mi fi jogún fún mi padà wá láti ilé, mo sì ṣètò pé gígé aṣọ, bọ́tìnnì àti etí aṣọ tí a ń fi ọwọ́ rán kò gbọdọ̀ gba àsìkò iná mọ́, wọ́n di iṣẹ́ àsìkò òkùnkùn. Ẹ ṣe irú ìpín bẹ́ẹ̀ nínú iṣẹ́ tiyín. Ẹlẹ́bi tòótọ́ ni ẹnu mi. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé télọ̀ kì í mú àdéhùn ṣẹ, a sì máa ń bínú bí wọ́n bá sọ ọ́ sí wa létí, ṣùgbọ́n òru mẹ́ta nínú mẹ́rin tí mo kọ sílẹ̀ jẹ́ ti aṣọ tí mo ti sọ pé “Ẹ wá mú un ní Ọjọ́ Ẹtì” nígbà tí mo mọ̀ nínú ara mi pé kò lè ṣeé ṣe.

Nítorí náà, ẹ fi ìwé ṣírò iye tí ọwọ́ yín lè gbà. Ìró àti bùbá kan ń gba mí ní wákàtí 3 ààbọ̀, bí a bá ka gígé àti lílọ̀ mọ́ ọn. Méjì ni mo lè parí lóòjọ́ láìsí òru, ọ̀kan ní Sátidé, èyí tó jẹ́ 11 lọ́sẹ̀. Mi ò gba 11. Mẹ́sàn-án ni mò ń gbà, mo sì ń fi ààyè méjì sílẹ̀ fún aṣọ òkú, tí kì í dágbére kí ó tó dé. Ẹni tó bá dé lẹ́yìn mẹ́sàn-án, n ó sọ fún un pé: “Mọ́mì, ààyè ọ̀sẹ̀ yìí ti kún. Tí ẹ bá lè fún mi di Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá rán an kó dùn ún wò; tí kò bá ṣeé ṣe, ẹ jẹ́ kí n júwe ẹlòmíràn fún yín.” Ẹnu yóò kọ́kọ́ wúwo láti sọ ọ́. Àwọn kan yóò lọ, mi ò ní purọ́ fún yín; nínú àwọn tó bá mi bínú lọ ní oṣù àkọ́kọ́, ẹnì kan péré ló padà.

Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún ẹlòmíràn kò lè fi ẹnu ara rẹ̀ dín wákàtí kù bẹ́ẹ̀, nítorí náà kí ó kọ́kọ́ ka ìwé ìgbanisíṣẹ́ rẹ̀. Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kò dárúkọ iye wákàtí kan pàtó fún àgbàlagbà. Ohun tí apá 13 rẹ̀ wí ni pé àdéhùn láàárín òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ lè fi iye náà lélẹ̀, àti pé ohun tó bá lé lórí rẹ̀ jẹ́ ofatáìmù. Ó tún ní ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ tó wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́ gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí 1, kí ó sì ní odindi ọjọ́ ìsinmi kan nínú ọjọ́ 7. Ẹni tó bá ti lo oṣù 12 lẹ́nu iṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọdọọdún tí kò dín ní ọjọ́ iṣẹ́ 6 pẹ̀lú owó rẹ̀ pé. Kí àwọn alákòóso àti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ mọ̀ pé òfin yìí kò kà wọ́n mọ́ àwọn tó pè ní òṣìṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá fọwọ́ sí ni wọn yóò dì mú.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ọ̀gá sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe fi WhatsApp ṣe é, ẹ má sì ṣe é lójú àwọn yòókù. Ẹ lọ ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ara rẹ̀ balẹ̀, kí ẹ mú ìwé yín dání, kí ẹ sì mú àbá kan lọ pẹ̀lú ẹ̀dùn yín. Ọmọbìnrin kan tó ń tajà ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ládùúgbò wa ni mo bá tún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tò báyìí: “Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ní oṣù tó kọjá, ọjọ́ 11 ni mo kúrò níbí lẹ́yìn aago 8 alẹ́, mo kọ wọ́n sílẹ̀. Mi ò kọ iṣẹ́ o, mà. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò ó bóyá a lè máa bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjà láti aago 5 dípò aago 7, nígbà tí èrò bá ti dín kù.” Wọ́n gbà fún un ní ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kò tó ohun tó béèrè, ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́ta ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọṣẹ́, ẹ ka tiwọn náà. Nítorí pé a kì í sanwó fún ọmọ ẹnu-iṣẹ́, a máa ń ṣe bí ẹni pé àsìkò rẹ̀ kò lówó lórí. Mo wo ẹ̀yìn, mo rí i pé ọmọ ọdún 16 tó ń ti iléèwé dé bá mi ní aago 3 ń bá mi jí títí di aago 10, mo sì ń bá a wí pé kò fọkàn sí iṣẹ́. Aago 6 ni wọ́n ń lọ báyìí.

Wákàtí tí ẹ bá gbà padà, ẹ fún un ní iṣẹ́ kí ó tó dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fóònù ni yóò jẹ ẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo délé ní aago 7 alẹ́, ìyàwó mi wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní, “Bàbá ọmọ mi, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ óò sùn síbí lónìí?” Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mi ò mọ ibi tí n ó jókòó sí. Ìgbà tí ọmọ mi kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í gbé iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ wá bá mi ni mo tó ní àyè tèmi nínú pálọ̀.

Ètò tèmi báyìí ni pé mò ń ṣí ní aago 8, mo sì ń tì ní aago 6:30 ní ọjọ́ 5, pẹ̀lú ìsinmi wákàtí 1 lọ́sàn-án. Sátidé jẹ́ aago 8 sí aago 1. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ wákàtí 52 ààbọ̀. Kò tíì dé 48. Owó tó ń wọlé dín kù díẹ̀ ní oṣù méjì àkọ́kọ́, kí ó tó padà sí bó ṣe wà.

Àsìkò ọdún nìkan ni ètò yìí kì í dúró. Iléyá, Kérésì àti ọjọ́ Ìwúdé, tí ọmọ Ìjẹ̀ṣà gbogbo ń wálé tí wọ́n sì ń fẹ́ wọ aṣọ tuntun níwájú Ọwá, kò sí télọ̀ tó lè ti ilẹ̀kùn ní aago 6:30. Ẹ má ṣe fi ara yín bú nígbà náà. Ohun tí mò ń ṣe ni pé mo máa ń fa ìlà sí àárín ojú ewé kan, mo ń kọ àfikún wákàtí òru kọ̀ọ̀kan sí apá òsì bí gbèsè, mo sì ń san án ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wákàtí kan fún wákàtí kan. Ní oṣù Kínní ọdún yìí, apá òsì jẹ́ 31. Mo ti ṣọ́ọ̀bù fún odindi ọjọ́ mẹ́ta, wákàtí 9 ààbọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi bírò pupa fa ìlà gba orí wákàtí 28 ààbọ̀. Méjì ààbọ̀ ṣì wà níbẹ̀, Ọjọ́ Ẹtì yìí ni n ó san án, láti aago 4.