Tí wọ́n bá ní kó o ṣe Regan, má pariwo

Àwọn ọmọbìnrin tá a jọ ń ṣeré orí ìtàgé ní Kétu níbí, ní orílẹ̀-èdè Benin, tí mo bá ti fún ẹnì kan ní Regan, ọmọbìnrin ọba nínú King Lear, eré Shakespeare, ohun tó máa kọ́kọ́ ṣe ni pé á fajú ro, á kọ́wọ́ lé ìbàdí, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jágbe bí ìyálé tó ń lé ìyàwó jáde nílé. Rárá o. Ìyẹn ò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, ẹ̀rín ni wọ́n máa fi ẹ́ rín. Regan tó ń dẹ́rù bani ni èyí tó mọ̀wàá hù.

Kọ́kọ́ mọ ibi tó wà láàárín àwọn ọmọ bàbá ẹ̀, Ọba Lear. Goneril ni àkọ́bí, Cordelia làbígbẹ̀yìn tí ọba fẹ́ràn jù, ìwọ lo wà láàárín. Nígbà tí bàbá ní kí kálukú sọ bó ṣe nífẹ̀ẹ́ òun tó kóun tó pín ilẹ̀, Goneril ti kó gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tán, ìwọ wá ní irin kan náà ni wọ́n fi rọ àwa méjèèjì, pé ti Goneril kàn kéré ni. Ibẹ̀ ni kó o ti mú un: ẹni tó máa ń jẹ́ kí ẹlòmíì kọ́kọ́ dáye lé ọjà kó tó fi tiẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí bàbá pín ilẹ̀ tán, ó fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ yín pẹ̀lú jagunjagun 100, Goneril ní 50 ti tó, ìwọ ní 25, Goneril ní kí lẹ tiẹ̀ fẹ́ fi 10 ṣe, tàbí 5, ìwọ lo wá máa béèrè pé kí lẹ fẹ́ fi ẹyọ kan ṣoṣo ṣe. Má fìbínú sọ ọ́ o. Sọ ọ́ bí ẹni tó ń ná tòmátì, tó ti rí i pé ilẹ̀ ń ṣú àti pé ìyá tó ń tà á fẹ́ máa lọlé.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni "ẹ" àti "o", pàápàá tẹ́ ẹ bá ń ṣe é ní Yorùbá bíi tiwa. Gẹ̀ẹ́sì ayé Shakespeare ní "you" àti "thou", ó fẹ́ jọ "vous" àti "tu" ti Faransé tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé. Regan ò sọ "thou" sí bàbá ẹ̀ rárá, "you" ló ń pè é, àtìgbà tó ń fẹnu pọ́n ọn títí dìgbà tó ní kí wọ́n tilẹ̀kùn kí bàbá wà níta nínú ìjì. Torí náà, "Bàbá, ẹ ti darúgbó", kó dùn létí bí ìkíni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ìkúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń pín ilẹ̀, kí orúnkún ẹ méjèèjì kanlẹ̀ dáadáa. Nígbà tí bàbá bá wá bá ẹ nílé Gloucester, ìjòyè ọba, tó o ní inú ẹ dùn láti rí i, tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kó o yára dìde. Kò pẹ́ sígbà yẹn ni Lear fúnra ẹ̀ máa kúnlẹ̀ fún ẹ, ó ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni, pé òun ti darúgbó, kẹ́ ẹ fóun láṣọ, ibùsùn àti oúnjẹ. Ọjọ́ tá a kọ́kọ́ dán ibí yìí wò nínú ọgbà, ìyá ẹlẹ́kọ tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa pariwo "Èèwọ̀!", ó sì gbé igbá ẹ̀, ó lọ. Kí bàbá kúnlẹ̀ fọ́mọ, ọba pẹ̀lú! Má sáré gbé e dìde, má sún sẹ́yìn. Wo ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún ẹ̀ bíi pé omi dà síbẹ̀, ka ení èjì nínú, kó o wá ní: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó tó. Eléyìí ò yẹ yín. Ẹ padà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi."

Gloucester ló máa gba "o". Tẹ́lẹ̀, ọ̀rẹ́ àtijọ́ rere ló ń pè é, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti so ó mọ́ àga nínú ilé ara ẹ̀, ó fa irùngbọ̀n ẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi bọ́ sí "thou". Ẹni tí wọ́n ń fà ló ń darí orí ara ẹ̀ o, ìwọ kàn pa ìka dé ni, àwa fà á ní tòótọ́ lọ́jọ́ kan, irùngbọ̀n tá a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ bá Regan lọ, kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kù torí ẹ̀rín. Tí wọ́n bá ti yọ ojú kan, tí ìránṣẹ́ gbìyànjú láti dá wọn dúró, ẹ̀yìn ni Regan ti gún un. Wọ́n yọ ojú kejì, ó wá ní kí wọ́n ti Gloucester jáde lẹ́nubodè, kó máa gbóòórùn ọ̀nà dé Dover, ìlú etíkun. Àwa tá a dàgbà nítòsí Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ Kétu, gbólóhùn yẹn ń wọ̀ wá lára ju ẹ̀jẹ̀ lọ. Sọ ọ́ bí ẹni tó ń rán ọmọ níṣẹ́.

(Tó bá jẹ́ ọkùnrin ni wọ́n fún ní Regan, kò burú. Ọmọdékùnrin ló ń ṣe obìnrin láyé Shakespeare, àwa tí ọkùnrin ń so ọmú àti ìdí mọ́ra jó gẹ̀lẹ̀dẹ́, ta ló fẹ́ kọ́ wa ní ìyẹn?)

Ikú ẹ̀ ò le. Goneril ti fún un ní májèlé jẹ, lọ́tẹ̀ yìí ẹ̀gbọ́n ló fi tiẹ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Kò kú lójú wa, wọ́n ní kí wọ́n mú un lọ sínú àgọ́. Má ṣubú, má dikùn mú títí. Fẹsẹ̀ ara ẹ rìn dé ẹnu aṣọ ìkélé, tẹ́nì kan bá nawọ́ sí ẹ, má dì í mú.