Bí Èèpo Èkùrọ́ Bá Ta sí Ojú

Ẹni tó ń pa èkùrọ́ mọ̀ ọ́n: òkúta kan nílẹ̀, òkúta kan lọ́wọ́, èèpo á sì máa ta. Bó bá ta lu apá, a ó gbọ̀n ọ́n dànù. Bó bá ta sí ojú, ẹ fi èkùrọ́ sílẹ̀ ná.

Lẹ́yìn ọmọlójú, ohun kan wà níbẹ̀ tó mọ́ gaara, òun ló ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ ká lè ríran. Ẹ jẹ́ ká pè é ní dígí ojú. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wé e. Bí nǹkan bá gún awọ yìí, omi inú ojú á ráyè wọlé, dígí á wú, á sì funfun bí ẹyin tí a sè. Ó lè má ju wákàtí díẹ̀ tàbí ọjọ́ mélòó kan lọ. Ẹyin tó ti jinná kì í padà di tútù, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oògùn ojú tó lè mú dígí yìí mọ́ padà. Iṣẹ́ abẹ ni wọ́n fi ń yọ ọ́.

Ti ẹ̀ṣẹ́, bọ́ọ̀lù tàbí ẹ̀ka kòkó tó fò padà tún burú lọ́nà tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè má jáde rárá, ìrora á lọ, àmọ́ dígí ti mì nínú. Ó lè tó oṣù tàbí ọdún kí ojú tó ṣe bàìbàì. Nígbà náà, a ti gbàgbé bọ́ọ̀lù, a ní ayé ló ṣe é.

Bí nǹkan bá há sí ojú, ẹ má yọ ọ́, ẹ má tẹ ojú, ẹ má fọ̀ ọ́. Ẹ má kán omi ọmú, ìtọ̀ tàbí omi ewé sí i. Ojú tó ti lu, ìdọ̀tí ló ń bá a wọlé. Ẹ gé ìdí ife oníke, ẹ fi bo ojú láìjẹ́ kó kàn án, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn ojú lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn apakoríko tó bá ta sí ojú ni ẹ máa fi omi mímọ́ ṣàn lójú ẹsẹ̀, fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30.

Ẹ sá fún àwọn tó ń rìn kiri fi abẹ́rẹ́ ti dígí ojú tó ti funfun wọnú. Ẹlòmíràn á ríran díẹ̀ lọ́jọ́ kìíní, ọ̀pọ̀ ló ń fọ́jú lẹ́yìn rẹ̀.

Ti ọmọdé kò gba ìdúró. Ojú tí kò ríran fún ìgbà pípẹ́, ọpọlọ ọmọ á pa á tì, iṣẹ́ abẹ lè má dá a padà mọ́.

Awò oníke tí àwọn káfíńtà ń lò dára fún ẹni tó ń pa èkùrọ́. Àwọn ọmọ tó jókòó ti ìyá wọn, tí wọ́n ń ṣa èkùrọ́ jẹ, ni kí ẹ kọ́kọ́ lé sẹ́yìn: ojú wọn ló sún mọ́ òkúta jù.