Bí mo ṣe wá ẹ̀ka igi fún alágẹmọ mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Alágẹmọ ni mò ń sìn nínú fláàtì mi ní London níbí, veiled chameleon, irú èyí tó wá láti Yemen àti Saudi Arabia tó dà bíi pé ó dé fìlà. Jẹ́jẹ́ lorúkọ ẹ̀. Ọjọ́ tí mo fi han màámi lórí WhatsApp, igbe ni wọ́n ké: "Ọ̀gà kẹ̀! Nínú ilé tí o ń sùn sí? Ta ló ní kóo lọ ṣe òògùn?"

Ọ̀pá tí wọ́n kó fún mi mọ́ kéèjì ní ṣọ́ọ̀bù ló dá wàhálà sílẹ̀. Gbogbo ẹ̀ ṣe déédé, ó ń dán, ó sì ki ju ẹsẹ̀ Jẹ́jẹ́ lọ. Ẹsẹ̀ alágẹmọ ò dà bíi ti alángbá, ńṣe ló là sí méjì bí ẹ̀mú, ìka méjì lápá kan, mẹ́ta lápá kejì, òun ló fi ń di igi mú. Kò rí nǹkan dì mú, ó ń yọ̀ ṣáá, lọ́jọ́ kan ló bá já bọ́ gbì, ara ẹ̀ dúdú kirikiri, kò sì jẹun títí dọjọ́ kejì, àyà mi já gan-an.

Mo wá gbé e lé bírò, ìka ẹ̀ yí i po. Mo gbé e lé ọ̀pá ṣọ́ọ̀bù yẹn, ìka ò tiẹ̀ fẹ́ yí dé ìdajì. Ẹ̀yín náà ti rí i: ẹ̀ka igi tó ki tó bírò títí dé èyí tó ki tó àtàǹpàkò ọwọ́ mi ni mo nílò, káwọn kan tín-ín-rín, káwọn kan ki, kí ẹsẹ̀ ẹ̀ má máa dúró sójú kan náà.

Igi pine ni mo kọ́kọ́ ṣà nílẹ̀, mo gbé e sínú ófùnù kí kòkòrò inú ẹ̀ lè kú, ah! Oje ẹ̀ yọ́, ó ń kán tó-tó-tó, gbogbo ilé ń rùn bíi ti tapẹntáìnì. Ìyàwó mi ní tí mo bá tún gbé igi sínú ófùnù òun, èmi àti Jẹ́jẹ́ la jọ máa sùn nínú kéèjì.

Apple, hazel, oak, birch, wọ̀nyẹn dáa. Yew àti laburnum, májèlé ni, cherry laurel táwọn èèyàn fi ń ṣe ọgbà náà ní cyanide nínú ewé, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mi ò mú un, èéfín mọ́tò ti bà á jẹ́.

Màmá òyìnbó kan ládùúgbò wa ń gé ẹ̀ka igi apple wọn ní February, mo lọ bẹ̀ wọ́n, mo kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá wọ́n ń fín oògùn kòkòrò sí i, wọ́n ní rárá, wọ́n wá di ẹrù kan fún mi. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì àti omi gbígbóná fọ̀ ọ́, mi ò fi ọṣẹ kankan sí i. Èèpo tó ti ń ṣí ni mo yọ, èyí tó lẹ̀ dáadáa mo fi sílẹ̀, torí ara gbágungbàgun yẹn gan-an ni ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wá. Mo da omi híhó lé e lórí, mo tò ó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rédíétọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. (Àwọn kúkúrú wọ ófùnù o, nígbà tí ìyàwó mi lọ síbi iṣẹ́, mi ò sì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.)

Fúrémù kéèjì ni mo fi táì onírọ́bà so wọ́n mọ́, kì í ṣe nẹ́ẹ̀tì. Púpọ̀ ẹ̀ dùbúlẹ̀, díẹ̀ dàgẹ̀rẹ̀, tòkè pátápátá jìn tó 25 cm sí gílóòbù tó ń mú kéèjì gbóná, kó má baà jó o lórí. Mo fi ọwọ́ tẹ gbogbo ẹ̀, kò mì.

Mo gbé Jẹ́jẹ́ sí i. Ó mì síwá mì sẹ́yìn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ó wá gbé ẹsẹ̀ kan sórí igi apple, ìka ẹ̀ yí i po títí ó fi kù díẹ̀ kó pàdé nísàlẹ̀. Ojú kan ń wò mí, èkejì ń wo gílóòbù.