Ìtọ́sọ́nà Lórí Yíyan Iṣẹ́ Àkọ́kọ́ fún Ẹni Tí Ó Ń Kọ́ Kóróṣé

A kọ ìwé yìí nítorí òwú tí ó ń ṣòfò nínú ilé. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó dáwọ́ lé kóróṣé kíkọ́, ìyẹn fífi abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ hun òwú, ni ó ní àpò kan tí wọ́n tì sábẹ́ ibùsùn, tí ààbọ̀ aṣọ ìbora wà nínú rẹ̀, tàbí apá kan ṣoṣo lára súwẹ́tà, tàbí orí ọmọláńgidi tí kò ní ara, tí abẹ́rẹ́ sì ṣì há sí ojú òwú, ìyẹn ìlọ́pọ̀ òwú, tí wọ́n hun kẹ́yìn. Bí a bá bi wọ́n léèrè, wọn a ní ọwọ́ àwọn kò gba iṣẹ́ náà. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe kan náà ni a ń bá pàdé léraléra: iṣẹ́ ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ mú, wọ́n sọ ojú òwú nù láìmọ̀, ìgbà tí wọn yóò sì fi rí i, òwú púpọ̀ ti lọ sí i, kò sì wù wọ́n láti tú u mọ́.

Ẹ fi aṣọ kékeré onígun mẹ́rin bẹ̀rẹ̀, irú èyí tí a fi ń nu abọ́, kí ìbú àti gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 20. A mọ̀ pé kò wuni bí fìlà tí ẹ fẹ́ hun de ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n fìlà náà kò sá lọ. Ẹ jẹ́ kí ó dúró.

Ẹ ra òwú gíráàmù 100, kí ó lè tó aṣọ méjì, nítorí ìkejì ni yóò sọ bóyá ẹ ti mọ iṣẹ́ tàbí ẹ kò tíì mọ̀ ọ́n. Kí ó jẹ́ ojúlówó òwú inú oko (kọ́tìnì) tí ó ń fa omi, nítorí akírílíìkì, ìyẹn òwú àtọwọ́dá, kì í fa omi dáadáa, bí a bá sì fi gbé ìkòkò gbígbóná, ó lè yọ́. Kí ó nípọn níwọ̀n, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà 4 sí ara ìwé tí a fi wé e, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ oníkọ̀ọ́ mílímítà 5 hun ún. Kí àwọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì jẹ́ ẹyọ kan. Ẹ má ṣe ra òwú dúdú, ẹ má sì ṣe ra èyí tí irun bo ara rẹ̀, bí ó ti wù kí ó rẹwà tó: ẹni tí kò bá rí ojú òwú kò lè kà á, gbogbo ohun tí a fẹ́ kọ́ yín nínú iṣẹ́ yìí kò sì ju kíkà lọ.

Ẹ hun ojú ẹ̀wọ̀n 26, ìyẹn ojú tí a ń fà gba inú ara wọn jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ti abẹ́rẹ́ bọ ojú kejì láti ọ̀dọ̀ abẹ́rẹ́, kí ẹ sì máa hun ojú kúkúrú lọ títí dé òpin: ẹ fa òwú gba inú ojú náà jáde, kí ẹ sì tún fa òwú gba inú ojú méjèèjì tí ó wà lórí abẹ́rẹ́. Ẹ ó rí ojú 25. Ẹ hun ẹ̀wọ̀n kan, ẹ yí iṣẹ́ náà padà, ẹ tún hun ojú 25, ẹ má sì ka ẹ̀wọ̀n kan yẹn mọ́ ọn. Báyìí ni ẹ ó ṣe máa ṣe é títí tí gígùn rẹ̀ yóò fi bá ìbú rẹ̀ dọ́gba. Bí ẹ bá ń wo àpẹẹrẹ tí ẹlòmíràn kọ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wádìí bóyá èdè Amẹ́ríkà ni ó fi kọ ọ́ tàbí ti Bìrìtìkó, nítorí ojú kúkúrú yìí kan náà ni ará Amẹ́ríkà ń pè ní single crochet, tí ará Bìrìtìkó sì ń pè ní double crochet.

Níbi ìgbẹ̀yìn ìlà ni ìjàǹbá wà. Ojú tí ẹ kọ́kọ́ hun nínú ìlà ìṣáájú ni ó máa ń di ojú ìkẹyìn nínú ìlà tuntun, ó sì máa ń fara pamọ́ sí etí, tí ẹni tí ó ń kánjú yóò fi fò ó. Ẹ fi èérún òwú aláwọ̀ mìíràn sí ojú àkọ́kọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan láti fi ṣe àmì, kí ẹ sì ka ojú ní òpin gbogbo ìlà: gbogbo rẹ̀ ni a wí, kì í ṣe ìlà márùn-ún márùn-ún. Bí ẹ bá ń sọ ojú kan nù nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn ìlà 10 ojú 15 péré ni yóò kù nínú 25 yín, aṣọ náà yóò ti máa ṣẹ́ bí igun ọ̀kọ̀, kò sì sí ẹni tí kò ní rí i. Nínú aṣọ ìbora olójú 150, àdánù kan náà yóò fi ojú 140 sílẹ̀, kò sì sí ohun tí yóò kì yín nílọ̀. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ má ṣe fi èyí tí ó tóbi bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá rí àṣìṣe, ẹ tú u dé ìlà tí ó ti ṣẹlẹ̀, kì í ṣe dé ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Àwọn kan yóò ní ìborùn tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe tán kò ní ibi tí a ti ń dín ojú kù tàbí tí a ti ń fi kún un, nítorí náà àwọn yóò fi bẹ̀rẹ̀. Òótọ́ ni pé kò ní in, ṣùgbọ́n ìborùn tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, tí gígùn rẹ̀ sì jẹ́ 150, ju aṣọ kékeré wa méje lọ, ó sì máa ń sú ènìyàn kí ó tó dé ìdajì. Ti ọmọláńgidi tún burú jù, nítorí yíyípo ni a ń hun ún, ojú 6, lẹ́yìn náà 12, lẹ́yìn náà 18, ojú rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ há kí ohun tí a kì sínú rẹ̀ má bàa yọ síta. Ti súwẹ́tà kò sí ohun tí a fẹ́ sọ nípa rẹ̀ ju pé ẹni tí kò bá lè hun aṣọ ìdánwò kékeré sẹ̀ǹtímítà 10 kí ó sì wọ̀n ọ́n, kò tíì tó o hun.

Bí aṣọ bá parí, ẹ gé òwú náà kí ó ku sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fa á gba inú ojú ìkẹyìn jáde kí ó fún, kí ẹ sì fi abẹ́rẹ́ olójú ńlá rán ìyókù náà lọ, kí ẹ rán an bọ̀, sínú aṣọ náà. Àwọn tí ó ń gé e mọ́ ìdí kókó máa ń bá a ní títú nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣẹ́ aṣọ náà po láti igun dé igun. Bí etí rẹ̀ bá bá ara mu, tí ojú ìlà ìkẹyìn sì pé 25 nínú aṣọ kìíní àti ìkejì, ẹ lè wá lọ ra òwú fìlà ọmọ náà.