Bí mo ṣe fi oscilloscope àtijọ́ wá ibi tí ṣáàfù ti sán

Ọjọ́ tí ṣáàfù, ọ̀pá irin tó ń yí nínú ẹ̀rọ ìlọ èlùbọ́ àǹtí mi, já ní ọjà Bódìjà, èmi ni wọ́n kọ́kọ́ pè, bẹ́ẹ̀ èmi kì í ṣe mẹkáníìkì. Rédíò, tẹlifíṣọ̀n àti ámúpù ni mò ń tún ṣe. Lójú àǹtí mi, ẹni tó bá ti mọ wáyà ti mọ gbogbo ẹ̀rọ. Mo bá ṣáàfù náà nílẹ̀, ó ti já sí méjì bí ìrèké. Mo gbé apá kan, mo tan iná fóònù sí ojú ibi tó ti já. Ìdajì ojú náà ti dípẹtà, ó sì ń dán bí ohun tí wọ́n ti ń fi ọwọ́ pa tipẹ́. Ìdajì kejì funfun, ó rí ṣákaṣàka bí òkúta tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Ìyẹn ni pé kò já lóòjọ́. Ó ti ń sán bọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí àǹtí mi sì ń jókòó tì í láràárọ̀.

Mo sọ ohun tí mo rí fún wọn. Wọ́n ní, "Àjàní, ṣé irin náà máa ń ṣàìsàn abẹ́nú ni?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé lọ sílé, kò sì jẹ́ kí n sùn dáadáa.

Oscilloscope kan, ẹ̀rọ tó ń fi ìlà iná lójú gíláàsì ya bí iná ṣe ń lọ nínú wáyà, wà lábẹ́ tábìlì mi tí mo rà ní Kúìn Sínímà láàárín ẹrù àtijọ́. Ó ń tàn, àmọ́ kò wọn nǹkan kan mọ́. Tíúbù inú rẹ̀ ṣì dára, tíúbù yẹn sì ni mo ń fẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni tíúbù oscilloscope àti ti tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́ ń ṣe: wáyà kékeré kan gbóná, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, ẹ̀rún iná tí ojú kò lè rí, ń bọ́ lára irin tó gbóná náà, iná gíga á fà wọ́n, wọ́n á di ìtànṣán tín-ínrín, wọ́n á sì lọ gbá gíláàsì iwájú tí wọ́n fi ohun tó ń tàn kùn. Ferdinand Braun, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣe irú tíúbù bẹ́ẹ̀ ní 1897, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tirẹ̀ kò ní wáyà gbígbóná. Ọdún yẹn kan náà ni J. J. Thomson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi iná àti òòfà tẹ ìtànṣán yìí, tó fi mọ irú nǹkan tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù jẹ́. Níhìn-ín ní Ìbàdàn, láti October 1959 tí WNTV, iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwòrán jáde, ìtànṣán yẹn ló ń ya àwòrán náà nínú ilé àwọn tó ní tẹlifíṣọ̀n, títí tẹlifíṣọ̀n pẹlẹbẹ fi dé. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ gbé fún un ni kò ṣe rí lọ́dọ̀ mi: kó má ya àwòrán, kó máa gbọ́ irin.

Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe nìyí. Òòfà ń tẹ ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Bí a bá sọ ṣáàfù di òòfà, agbára òòfà á máa gba inú irin náà lọ gbọọrọ. Níbi tó bá ti sán ní ìbú, ọ̀nà já, agbára náà á sì jò síta díẹ̀. Àwọn tó ń yẹ irin wò ti mọ èyí tipẹ́. Lẹ́búlẹ́bú irin ni wọ́n ń wọ́n sí i, tí yóò ṣù jọ sí ojú ibi tó sán. Èmi rò ó pé ìtànṣán náà lè rí jíjò yẹn.

Agolo irin kan bo tíúbù náà kí òòfà ìta má bàa dà á láàmú. Mo yọ ọ́. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tí kì í bá ṣe oníṣẹ́ iná, kó má dán èyí wò. Nǹkan bíi fóltì 2,000 wà nínú ti èmi, àwọn kàpásítọ̀ rẹ̀ sì lè di iná mú fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti pa á. Mo máa ń tú iná wọn dànù kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun.) Bí mo ṣe tàn án, kò sí ẹyọ iná láàárín gíláàsì, ìlà gígùn ló wà níbẹ̀. Mo fi odindi ọjọ́ kan wá ìdí rẹ̀. Tìrànsífọ́mà oscilloscope náà fúnra rẹ̀ ni. Òòfà rẹ̀ ń mi ìtànṣán náà ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo gbé e jìnnà tó apá kan ààbọ̀, mo fi wáyà tí rọ́bà rẹ̀ nípọn so ó. Ìlà náà súnkì, ó di ẹyọ iná aláwọ̀ ewé kan ṣoṣo. Mo rọ̀ ọ́ sílẹ̀ kó má tàn jù, nítorí bó bá dúró sójú kan pẹ̀lú agbára, á jó ohun tó ń tàn tí wọ́n fi kun gíláàsì.

Ibí yìí ni inú mi ti dùn jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ náà. Mo kọ ojú tíúbù sí ìlà-oòrùn, ẹyọ iná rọ̀ sílẹ̀. Mo yí i sí ìwọ̀-oòrùn, ó gòkè. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì lé ní sẹ̀ǹtímítà kan. Òòfà ilẹ̀ ayé ni! Ní ìhà tiwa níhìn-ín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dùbúlẹ̀ gbalaja láti gúúsù sí àríwá, kò lágbára rárá, síbẹ̀ ó tẹ ohun tó ń sáré ju kìlómítà 26,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Mo pe ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní kó wá wò ó. Òun náà yí i títí ọwọ́ fi ro ó. Mo wá kọ ojú tíúbù sí àríwá, níbi tí òòfà ilẹ̀ kò ti ní í tẹ ẹ́, mo sì dè é mọ́ pákó. Kò sí irin kankan nínú tábìlì náà, ìṣó pàápàá mo yọ.

Fún ṣáàfù, mo wé wáyà bàbà nípọn ní ìgbà 60 yí páìpù rọ́bà ká, mo ti ṣáàfù bọ inú rẹ̀, mo sì fi bátìrì mọ́tò fọwọ́ kàn án fún ìṣẹ́jú-àáyá kan péré. Lẹ́yìn náà mo ń fà á lórí pákó, ní ìbú, lábẹ́ ọrùn tíúbù, ó jìnnà sí gíláàsì tó ìka kan. Bí mo bá fà á tán, màá yí i díẹ̀, màá tún fà á, ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Ṣáàfù àkọ́kọ́ tí ọ̀gá tó ń gbẹ́ irin ní Gate yá mi, tuntun ni. Ní orí rẹ̀ méjèèjì, ẹyọ iná sá kúrò lójú gíláàsì pátápátá, torí ibẹ̀ ni òòfà pọ̀ sí. Láàárín, ó ń rìn jẹ́jẹ́. Lójijì ó ta. Àyà mi já, àfi bí mo ṣe wò ó: ojú kíì ni, ihò tí wọ́n dìídì gbẹ́. Látìgbà yẹn, ìwé tí wọ́n fi ń ya gíráàfù ni mò ń lò, mo ń sàmì sí ibi tí ẹyọ iná wà ní gbogbo sẹ̀ǹtímítà kan, mo sì ń fi ti ṣáàfù ògbólógbòó wé ti tuntun.

Ṣáàfù kejì jẹ́ èyí tí aládùúgbò àǹtí mi ti ń lò láti ọdún mélòó kan. Ẹyọ iná ń rìn jẹ́jẹ́, títí dé èjìká tí bẹ́ríǹgì ń jókòó sí. Níbẹ̀ ó gbọ̀n sókè mílímítà mẹ́ta, ó padà. Ti tuntun kò ṣe bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀mẹfà, ẹ̀ẹ̀mẹfà ló gbọ̀n. A po lẹ́búlẹ́bú irin mọ́ kẹrosíìnì, a dà á síbẹ̀. Ìlà dúdú kan tín-ínrín bí irun jókòó sí èjìká náà. Ọ̀gá gé e lórí lééètì, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ́ irin: ó ti sán wọnú tó mílímítà mẹ́ta, ìpẹtà sì wà nínú rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ló tú mi fó. Ẹyọ iná kò ta rárá, mo ti ń sọ pé ó dára, kí ọ̀gá tó ní ká da kẹrosíìnì sí òun náà. Mo yí òòfà rẹ̀ padà, kí agbára máa gba àyíká rẹ̀. Ìlà kan nà gbọọrọ lára rẹ̀, tó ìka mẹ́rin. Ọ̀nà kan náà ni sísán yẹn àti òòfà tí mo fi kọ́kọ́ wò ó jọ ń tọ̀, torí náà kò dí i lọ́nà. Ní báyìí, mo ń fi òòfà ọ̀nà méjèèjì wo gbogbo èyí tó bá dé.

Kí n tó dá ṣáàfù kankan padà, mo máa ń fi iná NEPA sínú wáyà wíwé náà, láti inú tìrànsífọ́mà kékeré, mo sì ń fa ṣáàfù jáde díẹ̀díẹ̀ títí òòfà á fi tán lára rẹ̀, kó má bàa máa fa ẹ̀rún irin wọnú bẹ́ríǹgì. Ti àǹtí mi ni mo ṣe kẹ́yìn, tuntun tí wọ́n fi rọ́pò èyí tó já. Mo ya gíráàfù rẹ̀, mo kọ ọjọ́ sí i, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ibi ìlọ èlùbọ́. Wọ́n ní kí n padà wá wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo sì ti kọ ọjọ́ náà sílẹ̀.