Ẹ̀yìn Ìwé Ìwọ̀n Mi Ni Mo Ti Ń Ra Lẹ́ńsì

Aránṣọ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Máṣíìnì ni mo fi ń jẹun, kámẹ́rà ni mo fi ń ṣeré. Àpótí ike kan wà lábẹ́ tábìlì tí mo ti ń géṣọ, ọmọ iṣẹ́ kankan kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Kámẹ́rà kan àti lẹ́ńsì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi kó wọn jọ, owó àjọ ni mo sì fi rà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Oníbàárà tó bá rí fọ́tò lára ògiri mi a máa bi mí pé, "Àǹtí, lẹ́ńsì wo ni kí n kọ́kọ́ rà?" Píìnì sábà máa ń wà lẹ́nu mi nígbà náà, n kì í lè dáhùn dáadáa. Ìdáhùn rè é.

Ẹ má tíì ra lẹ́ńsì kankan. Ẹ wá kámẹ́rà tòkúnbọ̀ tó ní lẹ́ńsì tirẹ̀ lẹ́nu, kí ẹ sì fi yàwòrán fún oṣù mẹ́ta, ó kéré tán. Tèmi ni Canon 600D, èyí tó jáde ní ọdún 2011, pẹ̀lú lẹ́ńsì 18-55 tó bá a wá. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bí lẹ́ńsì ṣe ń fa nǹkan mọ́ra tó: 18 ń gba àyè púpọ̀, 55 ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́. Àwọn ènìyàn máa ń fojú di 18-55 yìí, wọ́n ní ti ọmọdé ni. Òun ló sọ ohun tí mo nílò fún mi.

Bó ṣe sọ ọ́ nìyí. Ẹ̀yìn ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ni mo fa ilà sí, mo wá ń kọ àwọn fọ́tò tó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ síbẹ̀. Kì í ṣe èyí tí mo rí yà o. "Ìyàwó ń sunkún, gbọ̀ngàn ṣókùnkùn, ó ṣú." "Ẹṣin ìdílé Balógun, ó jìnnà." "Bọ́tìnnì, kò súnmọ́ tó." Bí irú àdánù kan náà bá ti pé mẹ́wàá nínú ìwé yẹn, ìgbà náà ni mo máa ń lọ bá alájọ mi. Bí kò bá tíì pé mẹ́wàá, ojúkòkòrò ló ń yọ mí lẹ́nu.

Ẹlẹ́rìí kejì wà nínú fọ́tò fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá ṣí àlàyé fọ́tò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí ibi tí lẹ́ńsì wà nígbà tí ẹ yà á: 18mm, 35mm, 55mm. Mo ka 300 nínú tèmi lálẹ́ ọjọ́ kan. Ó lé ní ìdajì tó jẹ́ 55, ìyẹn ni pé mo fà á dé òpin, ó sì tún ń wù mí kó gùn sí i. Èyí tó jẹ́ 18 kò tó 40. Bẹ́ẹ̀, lẹ́ńsì tó ń fẹ ilé lójú ni mo ti ń lá àlá rẹ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí mo rí i lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi kan. Ǹ bá ti fowó àjọ ṣòfò.

Ẹ̀yìn ìwé mi kún fún òkùnkùn, nítorí náà 50mm f/1.8 ni mo kọ́kọ́ rà. Ẹ kọ́ láti ka nọ́ńbà f yìí. Bí ó bá ṣe kéré tó ni ihò lẹ́ńsì ṣe tóbi tó, bíi nọ́ńbà òwú ìránṣọ tí 40 fi nípọn ju 60 lọ. 18-55 mi, bí mo bá fà á dé 55, kò lè ṣí ju 5.6 lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ń wọlé ní 1.8 fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 10 èyí tó ń wọlé ní 5.6. Nínú gbọ̀ngàn tí jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo ń tàn, ìyẹn ló ya fọ́tò sọ́tọ̀ kúrò lára èérí.

50mm kì í fà bíi 18-55, ojú kan ló wà. Nítorí náà, kí n tó rà á, mo fi téèpù lẹ òrùka 18-55 mọ́ 50 fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀, kò ná yín ní nǹkan. Mo rí i pé nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀yìn mi ń kan ògiri kí odidi ènìyàn tó wọ inú fọ́tò, torí pé ojú tó ń gba àwòrán nínú irú kámẹ́rà wa yìí kéré ju fíìmù lọ, ó máa ń sọ 50 di bíi 80. Ṣùgbọ́n níta, ojú ènìyàn dùn ún wò. Mo mọ ohun tí mo ń rà. 50mm Canon tí wọ́n ń pè ní II, èyí tó jáde ní 1990, ike ni ìdí rẹ̀, kò sì lè súnmọ́ nǹkan ju 45cm lọ. STM tó jáde ní 2015 ní ìdí irin, ó sì ń dé 35cm. Ẹ mú STM bí owó bá ká a. Ẹni tó ń lo Nikon D3000 tàbí D5000 àti àwọn àbúrò wọn, AF-S ni kí ẹ wá. AF-D, tí kò ní mọ́tò nínú bíi AF-S, yóò wọ̀ ọ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ ni ẹ ó máa fi yí i kí fọ́tò tó mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtìjú mi. 50mm àkọ́kọ́ tí mo rà, ìrọ̀lẹ́ ni mo gbà á ní ibùdókọ̀ kan ní Ṣàgámù, lọ́wọ́ ẹni tí mo mọ̀ lórí fóònù nìkan. Ó mọ́ lára, mo sanwó. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo fọ́tò tí mo bá kọjú sí ìmọ́lẹ̀ ń funfun bí ìgbà tí ọyẹ́ bá mú. Bàbá onífọ́tò àtijọ́ kan ló tan iná sínú rẹ̀ fún mi: ebu ti hù láàárín gíláàsì, ó ta ẹ̀ka bí òwú aláǹtakùn. Mo pe ẹni tó tà á. Fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́.

Nítorí náà, ọ̀sán ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì mú kámẹ́rà àti káàdì tiyín dání. Ẹ ṣí ihò lẹ́ńsì dé òpin, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù láti ẹ̀yìn, kí ẹ wò ó ní ìdàgẹ̀rẹ̀. Eruku díẹ̀ kò burú. Bí ẹ bá rí okùn-okùn tàbí kùrukùru, ẹ dá a padà. Ẹ yí òrùka rẹ̀. Bó bá ń ha bí ẹni pé yanrìn wà nínú rẹ̀, ẹ má rà á. Etí iwájú tó tẹ̀ wọlé, ó ti ṣubú rí nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ lẹ ìwé ìròyìn mọ́ ògiri, kí ẹ yà á ní tààrà: bí igun kan bá rí bàìbàì tí mẹ́ta yòókù mọ́, gíláàsì inú rẹ̀ ti yẹ̀. Ẹni tó bá ní kí ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ó mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba. Láti ìgbà tí mo ti gba fírídọ̀mù ni mo ti ń ránṣọ fún regbẹ́regbẹ́, nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ yẹn, ìka mi á ti kú, aṣọ á sì ti wà lára olówó rẹ̀. Ìgbà yẹn ni eré tèmi ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yìn èrò ni mo máa ń wà, ẹṣin á máa sáré lọ́hùn-ún. 55-250 ni mo rà fún un. Lórí kámẹ́rà mi, 250 ń fà bíi 400. Ihò rẹ̀ kò tóbi, ṣùgbọ́n oòrùn ọ̀sán kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé ìyára kámẹ́rà dé 1/1000 ìṣẹ́jú àáyá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ pátákò ẹṣin á di èéfín. Ohun tó ń dẹ́kun gbígbọ̀n inú lẹ́ńsì, ọwọ́ tiyín ló ń dì mú, kì í ṣe ẹṣin. Ẹ má pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú eruku yẹn o. Bó bá di dandan, ẹ kọ̀yìn sí afẹ́fẹ́, kí ẹ dorí ẹnu kámẹ́rà kodò.

Lẹ́ńsì kẹrin kò sí lẹ́yìn ìwé náà, mo jẹ́wọ́. Bàbá onífọ́tò yẹn ló tà á fún mi nígbà tó ti ilé fọ́tò rẹ̀ pa: Helios 44-2, 58mm f/2, tí wọ́n ṣe ní Sófíẹ́ẹ̀tì. Skúrúù ni ẹnu rẹ̀, M42 lorúkọ. Òrùka pẹlẹbẹ kan ni mo fi so ó mọ́ Canon. Ó ṣeé ṣe nítorí pé M42 fẹ́ kí ìdí lẹ́ńsì jìnnà sí ojú tó ń gba àwòrán ní 45.46mm, Canon sì jẹ́ 44mm, àyè òrùka wà níbẹ̀. Ti Nikon jẹ́ 46.5mm, àyè kò sí: ohun tó bá jìnnà kò ní mọ́ àyàfi bí gíláàsì bá wà nínú òrùka náà. Ọwọ́ ni mo fi ń yí Helios, mo máa ń fẹ ojú fọ́tò ní ìlọ́po 10 lẹ́yìn kámẹ́rà kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ewé tó bá wà lẹ́yìn ènìyàn á máa yí po bí omi tí a fọwọ́ rò.

Bátìrì kejì àti káàdì kejì ṣáájú gbogbo èyí. Káàdì ayédèrú pọ̀ lọ́jà. H2testw, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ lórí Windows, máa ń kọ nǹkan kún káàdì dé ẹnu, a sì tún kà á padà. Ó ti gbà mí lẹ́ẹ̀mejì. Dípò gíláàsì ìdáàbòbò iwájú, mo fẹ́ràn ike tó yọ síta bí etí akẹtẹ̀: ó ń ṣíji bo lẹ́ńsì, òun ni yóò sì kọ́kọ́ kanlẹ̀.

Obìnrin kì í wo Agẹmọ. Oṣù keje, òjò ń rọ̀, inú ilé ni mo wà lọ́jọ́ náà, mo sì máa ń tú àpótí mi palẹ̀. Mo á tan tọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń wá ebu nìyẹn. Àpò kéékèèké inú páálí bàtà tó ń fa ọ̀rinrin ni mo kó sínú àpótí, mo sì máa ń pààrọ̀ wọn. Ẹnì kan ní kí n lo gàrí Ìjẹ̀bú. Gàrí! Eruku àti kòkòrò ni yóò kó wọlé. Báàgì awọ kò dára fún ìpamọ́ náà, ó máa ń gba ọ̀rinrin mọ́ra. Fífẹ́ eruku kúrò ló ṣáájú nínù; ẹ má sì fi etí aṣọ tuntun nù ún láé, sítáàṣì wà lára rẹ̀. Mo mọ ohun tí mo ń sọ.

Ní báyìí, ohun tó wà lẹ́yìn ìwé ìwọ̀n mi ni òwú aṣọ òkè, tí 35cm kò tíì súnmọ́ tó fún. Mo ti kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Ó ku mẹ́rin.